Ohun Tí Geumnye Kò Bi Ọmọ Rẹ̀

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Pyo Geumnye ti ń se oúnjẹ ní ilé-ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kà nígbà èwe. Ilé náà kì í ṣe ilé-ìwé mọ́. Ọmọ tán ní abúlé. Nígbà tó ku akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré ni ìjọba tì í pa. Nígbà tó yá, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tuntun, wọ́n gbé ibùsùn sínú àwọn kíláàsì, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ti gbé mì wá láti àwọn ìlú ńláńlá, fún ọjọ́ méjìlá méjìlá. Òkun Cheonsu kò jìnnà síbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, iyọ̀ a máa ta ní ètè ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Láti ojú fèrèsé ìdáná ni Geumnye ti máa ń wo àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Ọ̀gbẹ́ni Seok, olùdámọ̀ràn àgbà ibẹ̀, a gbé agbọ̀n kan dúró lẹ́nu géètì, ọmọ kọ̀ọ̀kan a sì fi fóònù rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìran yìí kò sú ìyá náà rí. Ó ti rí géńdé ọmọkùnrin kan tó tẹrí ba fún fóònù lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń kí òkú bàbá ńlá rẹ̀. Ó ti rí ọmọbìnrin kan tó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, tó fi wé fóònù tirẹ̀ kí òtútù má baà mú un. Nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ! Ẹnu a máa yà á, a mi orí, a sì padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Ó ní ohun tó fi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Gyuwon ni orúkọ rẹ̀. Incheon ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ń wa kíréènì ní èbúté, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tó máa ń súfèé káàkiri ilé. Ọmọ náà kò ju ọdún méjìlá lọ tí àìsàn ẹ̀dọ̀ fi mú bàbá rẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́rin. Geumnye lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan, ó ń jáde láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó wọlé. Ibi tó bá fi Gyuwon sí náà ló máa ń bá a: níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ìrẹsì gbígbẹ nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bú u. Ó pe oníṣẹ́ kan wá láti fi ohun tó ń dènà géèmù sínú kọ̀ǹpútà. Kó tó fọ ìkòkò kan tán, Gyuwon ti tú u. Nígbà tí ọmọ náà pé mẹ́rìnlá, olùkọ́ rẹ̀ pè pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tí àwọn ti rí i ní kíláàsì kẹ́yìn. Lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀ lé e, Geumnye mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé ẹran, ó tọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì lọ láti ara ògiri dé ẹ̀yìn tábìlì ọmọ rẹ̀, ó sì gé e.

Ó ti múra de ariwo. Ariwo kò wá. Gyuwon jókòó, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó ti dákẹ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ bíi ti ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́ọ̀ọ́kán, tí àwọn ènìyàn sì wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe."

Geumnye dá a lóhùn, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ mi ni mo gbà padà."

Kò gbà á padà o. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ náà fi ń jẹun, tó ń kí i, tó ń lọ sílé ìwé, tó ń bọ̀, láìbá a sọ gbólóhùn kan tó gùn ju "ẹ ṣé" lọ. Nígbà tó parí ìwé tó sì lọ ṣiṣẹ́ ológun rẹ̀, Geumnye kó ẹrù rẹ̀ padà sí abúlé, ó sì gba iṣẹ́ ìdáná yìí. Báyìí, Gyuwon ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ń jó irin pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Geoje. Ó máa ń pe ìyá rẹ̀ nígbà ọdún ìkórè àti nígbà ọdún tuntun.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti jẹun."

"Ó dáa."

Ó parí nìyẹn.

Inú oṣù Kejìlá ni wọ́n mú Bang Saerom wá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, láti Daejeon, ó tínínrín, ó fi irun bo ojú, ó sì ti jẹ èékánná rẹ̀ dé ẹran. Kò sunkún lẹ́nu géètì bíi tàwọn yòókù. Ó kàn di fóònù rẹ̀ mú lókè agbọ̀n, ó bèèrè pé, "Ṣé ẹ máa pa á ni, àbí ẹ máa fi í sílẹ̀ ní títàn?"

Ọ̀gbẹ́ni Seok ní, "A máa pa á. Ó yẹ kí òun náà sinmi."

Àwọn ọmọ tó kù rẹ́rìn-ín. Geumnye rí ojú ọmọbìnrin náà láti fèrèsé, ó rí i pé nǹkan kan kú níbẹ̀.

Saerom kò jẹun lọ́jọ́ náà. Kò jẹun lọ́jọ́ kejì. A jókòó síwájú abọ́ ọbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa rìn lórí tábìlì, sókè, sísàlẹ̀, sókè, bí ẹni pé fóònù ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà míì á ta gìrì, á fọwọ́ gbá itan mú.

"Ó ń gbọ̀n," ló wí fún ẹni tó jókòó tì í. "Mo gbọ́ tó gbọ̀n."

"Itan ẹ ló ń pè ẹ́," ni ìyẹn fèsì. "Gbé e kó o bá a sọ̀rọ̀!"

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi tú ìrẹsì dà.

Ọjọ́ kẹta ni Geumnye gbé tíì lọ sí ọ́fíìsì, ó sì bá Saerom lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n ń kó àwọn fóònù pamọ́ sí. Ọmọ náà ti fi ṣíbí ha ẹnu kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yánnayànna. Ọ̀gbẹ́ni Seok náà wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Saerom, èyí kọjá ohun tí mo lè fojú fò. Màá pe àwọn òbí rẹ kí wọ́n wá mú ọ."

Geumnye wo ṣíbí náà. "Ṣíbí ìdáná mi nìyẹn," ló wí. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ náà, ọ̀nà tó gbà kúnlẹ̀, èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n láìsí ohùn. Ó ti rí èjìká bẹ́ẹ̀ rí. "Ọ̀gbẹ́ni Seok, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọmọ yìí. Igba kábéèjì ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi ata ra fún kimṣi ìgbà òtútù, ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run sì fún mi. Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀la kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni."

Ọkùnrin náà ronú sí i, ó sì gbà.

Inú ìdáná, Geumnye fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgbọ̀nwọ́ wọ ọmọ náà. Ó kọ́ ọ bó ṣe máa bu ata lílọ̀ tó ní áyù àti edé iyọ̀ nínú, tó máa fi pa ewé kábéèjì láti ìdí dé orí, kó lè kan di kimṣi tí wọ́n á máa jẹ títí òtútù yóò fi lọ.

"Ewé kọ̀ọ̀kan?" ni Saerom bèèrè.

"Ewé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó o bá fò ló máa kọ́kọ́ rà."

Wọ́n fi ata ra kábéèjì mẹ́wàá, ó di ogún. Nínú ìbọ̀wọ́ ńlá yẹn, àtàǹpàkò ọmọ náà kò ráyè rìn mọ́. Geumnye kò bi í ní nǹkan kan. Ó ya àárín kábéèjì kan, ibi tó rọ̀ tó sì dùn jù, ó fi ata díẹ̀ sí i, ó sì nà án sí i lẹ́nu bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ kékeré. Saerom la ẹnu. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ìkejì.

Ìgbà tí wọ́n wà lórí ìkọkàndínlọ́gbọ̀n ló sọ̀rọ̀.

"Màmá Ìdáná, gbogbo wọn rò pé eré ni mò ń ṣe lórí ẹ̀."

"Ta ni gbogbo wọn?"

"Màmá mi. Dádì. Tíṣà. Dókítà tó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Gbogbo wọn ń bi mí pé wákàtí mélòó. 'Wákàtí mélòó lo lò lórí ẹ̀ lónìí? Wákàtí mélòó lánàá?' Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni mò ń rí níbẹ̀."

Ọwọ́ Geumnye dúró nínú ata.

Saerom wá sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára kábéèjì. Àwọn mẹ́tàlélógún ló wà nínú gúrúùpù kíláàsì wọn. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọmọ kan bínú sí i nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ló bá fi àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ níbi tó ti ń jẹun, pé ẹ wo ẹnu ẹlẹ́dẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ogún ẹnu ló ń bú u lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jáde nínú gúrúùpù náà, wọ́n á fà á padà wọlé. Tó bá tún jáde, wọ́n á tún fà á. Ó jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"O ò bá má wò ó, ọmọ mi," ni Geumnye wí. "Kó o kàn da ojú ẹ̀ délẹ̀."

"Tí mi ò bá wò ó, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n máa fi pàdé mi lọ́la?" Ohùn ọmọ náà kò lọ sókè. "Ẹ máa wọ kíláàsì, gbogbo wọn máa bú sẹ́rìn-ín, ẹ ò sì mọ ìdí ẹ̀. Ìyẹn burú ju kéèyàn kà á lọ. Mo máa ń kà á tán kí n tó sùn. Wọn kì í sì í sùn."

Ó fi ata ra ewé méjì sí i kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹnì kan wà ní Mokpo. Mi ò rí i rí. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ gan-an, Ìgbín ló ń pe ara ẹ̀. Wọ́n ń ṣe òun náà bẹ́ẹ̀ níbi tó wà. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí a bá jáde nílé ìwé, ó máa ń bi mí pé, 'Ṣé o ṣì wà?' Màá ní, 'Mo wà. Ìwọ ńkọ́?' Á ní, 'Mo wà.' Oṣù mẹ́jọ rèé, a ò fo ọjọ́ kan rí. A ti ṣèlérí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan sí ara ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún èkejì."

"Tí ẹnì kan ò bá wá dáhùn ńkọ́?"

Saerom gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọjọ́ mẹ́ta rèé, Màmá Ìdáná."

Geumnye kò bọ́ ìbọ̀wọ́. Bó ṣe wà, pẹ̀lú ata pupa dé ìgbọ̀nwọ́, ló sáré la pápá ilé-ìwé kọjá, tí ọmọ náà ń sáré tẹ̀ lé e, tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sì ń pariwo pé Màmá Ìdáná ti gún ènìyàn pa. Ọ̀gbẹ́ni Seok dìde ní ọ́fíìsì nígbà tó rí wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán lórí ìdúró, kò jiyàn rárá, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin. Láti ọdún mẹ́sàn-án, Geumnye kò rí i kó ṣí i lọ́jọ́ kẹta rí.

Fóònù náà jí. Ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n lórí tábìlì títí ó fi fẹ́ já bọ́ nílẹ̀. Òǹkà pupa tó wà lórí gúrúùpù kíláàsì ti kọjá irinwó. Saerom kò fọwọ́ kàn án. Ó wá Ìgbín lọ tààrà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀, ó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún: Ṣé o ṣì wà? Èyí tó kẹ́yìn kò tíì pé wákàtí kan.

Ó tẹ̀ ẹ́: Mo wà. Wọ́n gba fóònù mi ni. Mo ń fi ata ra kábéèjì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn.

Ìdáhùn dé. O ń fi ata ra KÍ NI?

Lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn: Mo ti sunkún tán pátápátá o, ìwọ ń ṣe kimṣi!

Saerom bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tó ti há sọ́nà ọ̀fun tipẹ́, ó sì yí padà di ẹkún láàárín kan. Geumnye dúró tì í, apá rẹ̀ pupa tó na síwájú kó má baà kan ẹnikẹ́ni. Láti Mokpo títí dé ibí! Ọmọ méjì tí kò mọ ojú ara wọn, tí wọ́n di ara wọn mú lójoojúmọ́ kí ìkankan má baà jábọ́, nínú ohun kan náà tí ogún ọmọ ti ń ti ọ̀kan nínú wọn sí kòtò. Kò sí bàbá tó mọ̀. Kò sí ìyá tó mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Seok tọrọ àyè lọ́wọ́ Saerom kó tó ṣí gúrúùpù náà. Ó kà á, ó jókòó, ó sì tún kà á. Lẹ́yìn náà ló pe bàbá ọmọ náà. Geumnye gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti inú fóònù: "Mo rò pé géèmù ni."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ń rọ̀, wọ́n kó gbogbo àwọn ọmọ lọ sórí ìsédò tó ya òkun kúrò lára adágún, méjìdínlógún ni wọ́n. Geumnye bá wọn lọ, ó gbé kẹ́tùlù tíì gbígbóná dání. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó tó máa ń ti àríwá wá nígbà òtútù wà lójú adágún lọ́hùn-ún, wọ́n dúdú lọ bí erékùṣù. Òtútù ń jẹ àwọn ọmọ létí, wọ́n sì ń ráhùn.

"Ṣé pẹ́pẹ́yẹ la wá wò lóòótọ́? Màmá Ìdáná, ẹ bá wa se ọ̀kan ká máa lọ."

"Ẹnu ẹ ni màá sè," ni Geumnye wí.

Oòrùn kan orí òkè. Láìsí ìbọn, láìsí ìpè, etí kan erékùṣù náà gbéra, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ mú etí ẹní sókè. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dìde. Ìró ìyẹ́ wọn kọ́kọ́ dà bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó tún dà bí òkun, lẹ́yìn náà kò dà bí ohunkóhun mọ́. Àyà ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Ojú ọ̀run ṣú. Wọ́n lọ́ bí èéfín, wọ́n fún pọ̀ láàárín, wọ́n tú ká bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ afọṣọ, wọ́n sì gba orí àwọn ọmọ kọjá tó bẹ́ẹ̀ tí irun wọn ń fẹ́.

Ọwọ́ méjìdínlógún ló lọ sínú àpò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ nínú àpò òfìfo, wọ́n sì gbé ojú sókè, nítorí ojú nìkan ló kù tí wọ́n lè fi gbà á. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́pẹ́yẹ la ẹnu sílẹ̀, kò rántí pa á dé.

"Ta ló ń darí wọn?" ni Saerom bèèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Kò sẹ́ni."

Ọmọ náà wò wọ́n títí wọ́n fi dà bí eruku lókè oko ìrẹsì. "Wọ́n pọ̀ tó báyìí," ló wí, "wọn ò sì kọ lu ara wọn."

Geumnye, tó ti rí wọn ní ọdún mẹ́sàn-án léraléra, náà ṣì gbójú sókè. Tíì ti tutù nínú kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì bu ife kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tó mọ̀ pé wọ́n ti jáde oúnjẹ ní Geoje, ó pe Gyuwon. Kì í ṣe ọdún ìkórè, kì í ṣe ọdún tuntun.

"Màmá? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo gé wáyà yẹn... kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí mo gé e?"

Ó gbọ́ ìró irin lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ó ti pé ọdún mẹ́tàlá."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ náà ló yẹ kí n ti bi ọ́."

Gyuwon mí. "Àwa ogójì ni. Èmi ni mo ń darí wọn. Ilé olódi kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbà rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi múra ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé, pé èmi á mú géètì dání fún wọn. Wọ́n wọlé. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì mi ṣe kú báyìí, géètì bọ́."

"Àwọn tó wà nínú ńkọ́?"

"Wọ́n pa gbogbo wọn."

"Yéè!" Geumnye ké, ó gbá àyà mú. "Ogójì ènìyàn!"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Geumnye ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn débi pé kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. "Wọ́n jí padà, Màmá. Géèmù ni."

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?"

Gyuwon rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kíréènì Kẹtàdínlógún."

Geumnye jókòó lórí ọpọ́n tó dojú dé. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kọ sára kíréènì ọkọ rẹ̀ ní èbúté Incheon, funfun lára búlúù.

"Bàbá kan wà láàárín wa," ni Gyuwon ń sọ, ọ̀rọ̀ ti ń yára jáde lẹ́nu rẹ̀, "ó ń tún fìríìjì ṣe ní Daegu. Òun ló bi mí pé kí ló dé tí mò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń bi mí nípa Dádì, bó ṣe máa ń súfèé, ohun tó fẹ́ràn láti jẹ. Ẹ̀yin ò lè gbọ́ orúkọ Dádì nígbà yẹn kẹ́ ẹ má sunkún. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa sunkún, Màmá."

Yàrá yẹn tó ń gbá lójoojúmọ́, tó rò pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì gbígbẹ! Ogójì ènìyàn ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pe orúkọ kíréènì ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e lọ sójú ogun. Òun ló sì gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Dárí jì mí," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Èmi náà ò lọ sílé ìwé fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, Màmá. Ẹ kúkú gbìyànjú." Fèrè iṣẹ́ dún lẹ́yìn rẹ̀. "Mò ń bọ̀ lọ́dún tuntun. Mò ń bọ̀ wálé."

Saerom lo ọjọ́ méjìlá rẹ̀ pé, Ọ̀gbẹ́ni Seok sì ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún un ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́ kó lè dá Ìgbín lóhùn. Àwọn òbí rẹ̀ gbà á kúrò nílé ìwé rẹ̀ ní Daejeon. Nínú àwọn méjìlélógún tó kù ní gúrúùpù náà, mẹ́ta ló wá bẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ṣì ń wo fóònù ju bó ṣe yẹ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí Geumnye: "Mo sun wákàtí mẹ́fà lánàá, Màmá Ìdáná. Mo jẹ ẹyin méjì." Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Mokpo. Ìgbín jáde sí i ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọmọbìnrin gíga kan tí ojú ń tì. Àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ránṣẹ́ síra wọn níbẹ̀, èjìká kan èjìká, títí ẹ̀rín fi pa wọ́n.

Kí ooru yẹn tó dé, Gyuwon ti wá sílé ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún tuntun, bó ṣe ṣèlérí. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ìdáná, àwọn ọmọ ti lọ sílé fún ọdún, ó jẹ abọ́ ọbẹ̀ àkàrà ìrẹsì méjì tán. Lẹ́yìn náà ó fa àwo áyù kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to wọn sórí pákó ìgẹran, ìkọ̀ọ̀kan níbi tirẹ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá. Odi nìyí. Àwa nìyí. Bàbá Daegu wà níbí, òun ló mú iná dání."

Geumnye nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ, ó jókòó tì í, ó sì sún mọ́ pákó náà dáadáa.

"Àwọn tó wà lápá òsì yìí ńkọ́?" ló bèèrè. "Ta ni wọ́n?"